Odò Tí Wọ́n Hú Jáde Lábẹ́ Ọ̀dà: Bí Ìlú Seoul Ṣe Ń Bá Ooru Àti Owó Iná Wọ̀jà

Orúkọ Yoido kò ṣàjèjì sí ọ̀pọ̀ nínú yín. Ó ti pẹ́ tí a ti ń gbọ́ ìròyìn ìjọ ńlá tí Pásítọ̀ David Yonggi Cho dá sílẹ̀ ní Seoul, olú-ìlú Kòríà Gúúsù, àwọn ará wa kan sì ti dé ibẹ̀. Ẹni tó bá lọ a máa lọ sí ilé ìjọsìn, a lọ sí òkè àdúrà, a ya fọ́tò díẹ̀, ó di pápákọ̀ òfuurufú. Ohun tí mo fẹ́ bá yín sọ lónìí wà nítòsí ilé ìjọsìn náà, ṣùgbọ́n àwọn àlejò kì í sábà yà wò ó. Ó sì kan gbogbo ilé tó ń san owó iná mànàmáná.

Erékùṣù ni Yoido, inú odò Han ló wà. Ní oṣù kẹfà ọdún 1973, nígbà tí Billy Graham wá wàásù níbẹ̀, àwọn tó péjọ ní ọjọ́ ìkẹyìn lé ní mílíọ̀nù kan. Bí ẹ bá rí fọ́tò ọjọ́ náà, orí èèyàn nìkan lẹ ó rí, títí lọ rẹrẹ. Ilẹ̀ tí wọ́n jókòó lé ni kí ẹ fiyè sí. Ọ̀dà ni wọ́n fi tẹ́ ẹ láti òpin dé òpin, bí ẹni tẹ́ pápá fún bàálù. Ẹni tó bá ti fi ẹsẹ̀ lásán tẹ títì ọlọ́dà rí ní ọ̀sán gangan mọ ohun tí mò ń wí.

Pápá ọlọ́dà náà kò sí mọ́. Wọ́n ya ọ̀dà náà kúrò, wọ́n gbin igi sí i, wọ́n gbẹ́ adágún omi sínú rẹ̀, ní ọdún 1999 wọ́n sì ṣí i gẹ́gẹ́ bí ọgbà ìtura. Ó tó pápá bọ́ọ̀lù ọgbọ̀n papọ̀. Àwọn onímọ̀ nípa igbó ní Kòríà fi àwòrán tí wọ́n yà láti ojú sánmà wọn ooru ilẹ̀ náà. Ní ọdún 1996, pápá ọlọ́dà yẹn fi dígíríì 2.5 gbóná ju àdúgbò tó yí i ká lọ. Nígbà tó di 2015, ilẹ̀ kan náà ti fi nǹkan bí dígíríì kan tutù ju àdúgbò. Afẹ́fẹ́ tó ń ti orí irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ wọ ojú fèrèsé kò lè jẹ́ ọ̀kan náà pẹ̀lú ti tẹ́lẹ̀.

Ẹni tó bá rò pé ìlú òtútù nìkan ni Kòríà, kí ó débẹ̀ nínú oṣù kẹjọ. Lóòótọ́, ní oṣù kìíní omi a máa dì gbagidi, àwọn èèyàn a sì máa wọ aṣọ bí àlùbọ́sà. Ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀rùn wọn kò gbẹ bí ọyẹ́ tiwa, ooru rẹ̀ ní ọ̀rinrin nínú bí ti Èkó kí òjò tó rọ̀, tí aṣọ a lẹ̀ mọ́ni lára. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹjọ ọdún 2018, ìwọ̀n ooru ní Seoul dé dígíríì 39.6. Wọn kò tíì rí irú rẹ̀ láti ìgbà tí wọ́n ti ń kọ ọ́ sílẹ̀ níbẹ̀, ohun tó ju ọgọ́rùn-ún ọdún lọ.

Lọ́jọ́ tó bá gbóná bẹ́ẹ̀, ṣé gbogbo ilé kò kúkú ní tan ẹ̀rọ amúlétutù ni? Ẹ̀rù ń bà wọ́n láti tàn án. Láti ọdún 1974 ni wọ́n ti ń gba owó iná lọ́wọ́ àwọn ilé ní Kòríà bí ẹni gun àkàbà: bí yúnìtì tí ilé kan lò bá ṣe ń pọ̀ sí i lóṣù, bẹ́ẹ̀ ni iye owó yúnìtì kọ̀ọ̀kan ń ga sí i. Ní ìgbà kan, àkàsọ̀ mẹ́fà ni àkàbà náà ní, owó yúnìtì kan lórí àkàsọ̀ òkè pátápátá sì ju ìlọ́po mọ́kànlá ti ìsàlẹ̀ lọ. Èèyàn lè tan amúlétutù fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí bíìlì tó dé ní ìparí oṣù mú un jókòó gbalaja. Ariwo náà pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ìjọba fi dín àkàsọ̀ kù sí mẹ́ta ní oṣù kejìlá ọdún 2016. Nígbà ooru ńlá ti 2018, wọ́n tún fẹ àkàsọ̀ ìsàlẹ̀ sí i fún oṣù keje àti ìkẹjọ, kí àwọn èèyàn lè rí afẹ́fẹ́ mí. Láti ọdún 2019 ni ìfẹ̀sí yẹn ti di ti ọdọọdún.

Èyí kò jìnnà sí tiwa. Ní oṣù kẹrin ọdún 2024, nígbà tí wọ́n gbé owó iná àwọn tó wà lórí Band A láti náírà 68 sí náírà 225 fún yúnìtì kan, ta ni kò gbọ́ igbe? Amúlétutù kan tí kò tóbi púpọ̀ lè jẹ yúnìtì kan ní wákàtí kan. Bí ilé kan bá tàn án láti ọ̀sán títí di aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́, ní iye owó ìgbà náà ó ti lé ní ẹgbẹ̀rún náírà, a kò sì tíì tan án sùn. Nítorí náà, bí a bá ń sọ̀rọ̀ igi àti odò láàárín ìlú, àpò ìyálé àti baálé là ń sọ.

Ẹ jẹ́ kí n fi àmù ṣàlàyé bí ó ṣe ń ṣiṣẹ́, nítorí àwọn òbí wa mọ ọgbọ́n yìí kí fíríìjì tó dé. Kí ló dé tí omi inú àmù fi ń tutù láìsí iná? Amọ̀ a máa jẹ́ kí omi díẹ̀ là á kọjá bọ́ síta, afẹ́fẹ́ a gbé omi náà lọ, bí omi náà bá sì ti ń lọ ni ó ń kó ooru dání. Lítà omi kan ṣoṣo tó bá gbẹ sínú afẹ́fẹ́ báyìí ń kó ooru tó tó ìdá méjì nínú mẹ́ta yúnìtì iná lọ. Ohun tí àmù ń ṣe náà ni igi ń ṣe. Gbòǹgbò rẹ̀ ń fa omi láti ìsàlẹ̀, ewé rẹ̀ sì ń tú u sáfẹ́fẹ́. Igi ńlá kan lè tú ọgọ́rùn-ún lítà jáde lójúmọ́ ní ìgbà ooru. Omi odò tó ṣí sílẹ̀ ń ṣe bákan náà. Ẹ wá fi ti òjìji kún un, nítorí ògiri tí oòrùn kò pa lọ́sàn-án kò ní máa tu ooru síni lára lóru.

Ẹ̀rọ amúlétutù kì í pa ooru ní tirẹ̀. Inú yàrá ló ti ń kó o, ìta ló ń dà á sí, a tún fi ooru mọ́tò ara rẹ̀ kún un. Ẹni tó bá dúró lẹ́yìn ilé níbi tí ẹ̀rọ náà ti ń fẹ́ mọ̀ bẹ́ẹ̀. Bí gbogbo àdúgbò bá tan tiwọn, ìta a gbóná sí i, ẹ̀rọ olúkúlùkù a tún ṣiṣẹ́ sí i láti fi borí ooru tí aládùúgbò dà síta. Fíríìjì tó wà nínú ilé ìdáná gbígbóná pẹ̀lú kì í sinmi. Gbogbo rẹ̀, orí mítà ló ń bọ́ sí.

Ṣùgbọ́n n kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé bí a bá gbin igi kan a ti ra amúlétutù kan. Ìta gbangba ni ìtutù igi wà, afẹ́fẹ́ sì ń tú u ká. Níbi tí ọ̀rinrin bá ti pọ̀, bí Seoul lóṣù kẹjọ tàbí Èkó, omi kì í tètè gbẹ sínú afẹ́fẹ́. Òjìji àti ọ̀nà tí atẹ́gùn ń gbà wọlé ló ń ṣiṣẹ́ jù níbẹ̀.

Ọ̀nà atẹ́gùn yìí gan-an ló gbé mi kúrò ní Yoido, tí mo sọdá odò Han lọ sí àárín ìlú àtijọ́, níbi tí odò kékeré kan wà tí wọ́n ń pè ní Cheonggyecheon. Ẹ má jẹ́ kí orúkọ náà le lẹ́nu yín. Ẹ sáà pè é ní odò Chọ́ngyè. Ìwọ̀ oòrùn ló ti ń ṣàn wá sí ìlà oòrùn, ó sì gba àárín Seoul kọjá láti ìgbà tí àwọn ọba wọn ti tẹ ìlú náà dó ní òpin ọgọ́rùn-ún ọdún kẹrìnlá. Àwọn obìnrin ń fọ aṣọ níbẹ̀, ìdọ̀tí ìlú sì ń bá a lọ. Lẹ́yìn ogun tó parí ní 1953, àwọn tí ogun lé wá kọ́ àhéré onípákó sí bèbè rẹ̀, òmíràn lórí òpó nínú omi gan-an. Òórùn odò náà di ìtìjú ìlú. Bẹ̀rẹ̀ láti ọdún 1958, wọ́n fi kọnkéré dé e mọ́lẹ̀. Wọ́n ṣe títì sórí kọnkéré náà, lẹ́yìn èyí wọ́n tún gbé afárá olókè lé orí títì, èyí tí wọ́n parí ní 1976. Ó ju 160,000 ọkọ̀ tó ń gba ibẹ̀ kọjá lójúmọ́. Ọ̀pọ̀ ọmọ tí wọ́n bí ní Seoul láàárín ìgbà yẹn kò mọ̀ pé odò kankan wà lábẹ́ ẹsẹ̀ wọn.

Nígbà tó di ọdún 2002, Lee Myung-bak díje fún ipò olórí ìlú Seoul, ó ní òun yóò wó afárá náà, òun yóò sì hú odò náà jáde. Ó wọlé. (Ọkùnrin yìí kan náà ló di ààrẹ orílẹ̀-èdè wọn ní 2008.) Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí wó afárá ní ọjọ́ kìíní oṣù keje ọdún 2003, wọ́n sì ṣí odò náà ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá ọdún 2005. Ọdún méjì àti oṣù mẹ́ta péré! Gígùn rẹ̀ jẹ́ kìlómítà 5.8, afárá kéékèèké méjìlélógún ló sì dábùú rẹ̀.

Mo sọ̀ kalẹ̀ sínú rẹ̀ láti orí òkè, níbi tí wọ́n gbé ère ńlá kan sí tó lọ́ bí ìkarahun ìgbín, tí àwọ̀ rẹ̀ pupa tó sì tún jẹ́ búlúù. Òkè títì ni ariwo ọkọ̀ ti ń pa èèyàn létí. Bí o bá ti sọ àtẹ̀gùn kalẹ̀ tán, ìró omi lo ń gbọ́. Omi náà kò jìn, kò ju orúnkún lọ. Wọ́n to òkúta sínú rẹ̀ tí ọmọdé fi ń fò sọdá. Àwọn òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì wà níbẹ̀ tí wọ́n ká ṣòkòtò sókè, tí wọ́n bọ bàtà, tí wọ́n ki ẹsẹ̀ bọ omi lábẹ́ afárá, táì ṣì wà lọ́rùn wọn! Síwájú díẹ̀, wọ́n ya àwòrán sára ògiri, èyí tó fi bí ọba wọn kan tó ń jẹ́ Jeongjo ṣe rìnrìn àjò ní 1795 hàn, pẹ̀lú ẹṣin àti ọ̀wọ́ èèyàn rẹpẹtẹ. Bí ebi bá pa yín, ẹ gòkè sí ọjà Gwangjang. Wọ́n ń lọ ẹ̀wà wọn níbẹ̀, wọ́n ń dín in nínú epo gbígbóná. Àkàrà ni, ohun yòówù kí wọ́n pè é, àfi pé ó fẹ̀ bí àwo.

Wọ́n wọn ooru ibẹ̀. Létí odò náà lọ́jọ́ ooru, ó fi dígíríì 3.3 sí 5.9 tutù ju títì kan tó bá a rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara, tí òpópónà mẹ́rin sí méje sì là wọ́n láàárín. Kì í ṣe omi nìkan ló ṣe é. Afárá olókè tó ń gba oòrùn pamọ́ ti kúrò, èéfín ọkọ̀ ti dín kù, atẹ́gùn sì ti rí ojú odò bí ọ̀nà tó gbà wọ àárín ilé gogoro. Bí èèyàn bá ti ń jìnnà sí bèbè ni ìtutù náà ń dín kù.

Òótọ́ kan wà tí àwọn tó ń yin odò yìí kì í sọ tó. Ilé ìtajà àti ọ́fíìsì ló pọ̀ jù lórí bèbè rẹ̀, ilé gbígbé kò tó nǹkan. Ta ni ìtutù náà wá ń dín owó iná kù fún? Mo rí ìdáhùn tèmi ní àdúgbò Jongno, tí kò jìnnà sí odò náà. Àwọn àgbàlagbà tálákà ń gbé níbẹ̀ nínú àwọn yàrá kékeré kan, tó jẹ́ pé bí ẹnì kan bá na ẹsẹ̀ tán, yàrá ti kún. Fèrèsé mìíràn kò tó ìwé ìròyìn, òmíràn kò tilẹ̀ ní fèrèsé. Irú yàrá bẹ́ẹ̀ a máa gbóná ju ìta lọ, owó amúlétutù kò sì sí. Àwọn bàbá àti ìyá wọ̀nyí ló ń jáde ní òwúrọ̀ lọ sí abẹ́ igi ní ọgbà Tapgol, tàbí sí abẹ́ afárá odò, wọn kì í sì í padà títí oòrùn á fi rọ̀. Fáànù wà ní pípa. Odò náà kò wọ yàrá wọn, àwọn ló lọ bá a, kò sì sí mítà lára rẹ̀.

Ọ̀nà yìí, lójú tèmi, ló tóbi jù tí ọgbà ìtura fi ń dín iná kù fún ilé aláìní. Ìdílé tó ní ibi tútù tó lè rìn lọ ní ọ̀sán Sátidé kò ní jókòó ti ẹ̀rọ.

Odò náà ní àléébù tirẹ̀. Orísun rẹ̀ kò ní omi tó láti máa ṣàn lọ́dún yíká, nítorí náà ẹ̀rọ ló ń fa omi gòkè láti odò Han, tí wọ́n sì ń fi omi tí wọ́n ń fà lábẹ́ ọ̀nà ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀ kún un. Ó tó 120,000 tọ́ọ̀nù lójúmọ́, iná ló sì ń fà á. Àwọn kan ní Kòríà ń fi ṣẹ̀sín pé ẹ̀rọ omi ìṣeré tó gùn ni. Àwọn tó ń tajà lábẹ́ afárá àtijọ́ di ẹni à ń kó kiri. Owó ilẹ̀ tó sún mọ́ odò lọ sókè, ẹ sì mọ ẹni tí ìyẹn máa ń lé jáde. Pẹ̀lú gbogbo rẹ̀, ìlú náà kò fẹ́ afárá yẹn padà. Òpó mẹ́ta péré ni wọ́n fi sílẹ̀ nínú omi ní ìsàlẹ̀ odò, wọ́n dá dúró gogoro láìru nǹkan kan, kí àwọn ọmọ lè mọ ohun tó wà níbẹ̀ rí.

Nígbà òtútù ńkọ́? Igi tí wọ́n gbìn máa ń wọ́ ewé, oòrùn a sì rí àyè wọlé mú ilé gbóná díẹ̀. Ṣùgbọ́n ọgbà kan wà ní ìwọ̀ oòrùn ìlú náà tó ń ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ààtàn ni Nanjido. Láti 1978 sí 1993, ibẹ̀ ni gbogbo Seoul ń da ilẹ̀ sí, títí ó fi di òkè méjì tí gíga wọn sún mọ́ ọgọ́rùn-ún mítà. Wọ́n fi erùpẹ̀ bò ó, wọ́n gbin koríko àti igi sí i, ní oṣù karùn-ún ọdún 2002 wọ́n sì ṣí i ní ọgbà ìtura. Wọ́n ri páìpù bọ inú òkè náà, wọ́n ń fa gáàsì tó ń jáde lára ìdọ̀tí tó ń jẹrà, wọ́n sì fi ń gbóná omi tó ń lọ mú ilé àwọn èèyàn àdúgbò móoru. Ìdọ̀tí tí bàbá dà nù ní 1985 di ooru fún yàrá ọmọ rẹ̀!

Ní ilé tiwa, a ní odò púpọ̀ tí a ti há mọ́. Ẹ rántí Ògùnpa ní Ìbàdàn, tó kún ní ọjọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n oṣù kẹjọ ọdún 1980, tó sì gbé ọ̀pọ̀ ẹ̀mí lọ. Kọnkéré la fi dá a lóhùn. N kò lè bá ẹni tó ṣe é wí, nítorí ẹkún ọjọ́ náà pọ̀. Àmọ́ kí àwọn ará Seoul tó ṣí odò tiwọn, wọ́n ri páìpù sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì kí omi ìdọ̀tí má baà wọ inú rẹ̀, wọ́n sì fẹ ìkòtò rẹ̀ tó láti gba irú àkúnya tí wọ́n retí lẹ́ẹ̀kan ní igba ọdún. Ẹni tó bá ṣí gọ́tà tó kún fún ọ̀rá láìṣe èyí, ẹ̀fọn ló ń pè.

Èyí tó wà ní ọwọ́ ìdílé ni àgbàlá. Àwa ni a gé igi máńgòrò bàbá wa, tí a fi intalọ́ọ̀kì bo ilẹ̀ láti géètì dé ẹ̀yìnkùlé, nítorí a kò fẹ́ gbá ewé. Ọ̀pọ̀ ọgbà ilé ìjọsìn pàápàá ti di bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn náà ni a wá ra amúlétutù, a ra jẹnẹrétọ̀ tì í. Ní Sacramento, ìlú kan ní ìpínlẹ̀ California ní Amẹ́ríkà, àwọn olùwádìí yẹ bíìlì iná ilé 460 wò, wọ́n sì tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní 2009. Ilé tí igi ṣíji bò ní ìwọ̀ oòrùn àti gúúsù lo iná tó fi nǹkan bí ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún kéré nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Igi tó wà ní àríwá kò ṣe àǹfààní kankan, iná tí àwọn wọ̀nyẹn lò tilẹ̀ fi díẹ̀ ga.

Lọ́dọ̀ tiwa, oòrùn a máa dé àtàrí lọ́sàn-án, nítorí náà ògiri ìlà oòrùn àti ti ìwọ̀ oòrùn ló ń jìyà jù, ti ìwọ̀ oòrùn sì burú jù, torí aago mẹ́ta sí mẹ́fà ni oòrùn ń gbá a mú, ooru rẹ̀ a sì di ti àkókò oorun. Bí ààyè igi kan ṣoṣo bá kù nínú àgbàlá yín, ẹ̀gbẹ́ yẹn ni kí ẹ gbìn ín sí, kí ó jìnnà sí ògiri tó kí gbòǹgbò má baà la ìpìlẹ̀. Bí ilẹ̀ kò bá sí rárá, ẹ ta okùn sí iwájú fèrèsé, kí ẹ jẹ́ kí ewé elégédé fà gùn ún. Oṣù mélòó kan ti tó fún un láti bo fèrèsé.